Orí Kẹfà: Ọjọ́ Tí Òkè-Arère Fò Nítorí Ọ̀run Rẹ̀

Ẹ́ńjìnnì kẹrin, agolo tí wọ́n ki ẹ̀tù sí, ni kò dáhùn bó ṣe yẹ. Òjúọlápé fi èékánná gbá a, ó gbé e sétí bí ẹni tó ń wádìí àgbọn kó tó rà á. Àwọn mẹ́ta tó ti gbá ṣáájú dún ko, ohùn líle tó mọ́ gaara. Èyí dún bọ̀. Ó yí i po, ó gbá ẹ̀gbẹ́ kejì. Bọ̀ náà ni. Ó gbé e sórí ẹní, ó mú ìkarùn-ún, ìyẹn dún ko bíi ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ló tó gbójú sókè wo Olùwọ̀n.

Olùwọ̀n ti dúró sójú òfurufú lókè àpáta láti àárọ̀ kùtùkùtù. Ó rí rìbìtì bí igbá ńlá, kò ní ìyẹ́, kò sì dún. Ojú dígí kan ṣoṣo ló ní, ojú náà kò sì kúrò lára ẹní tí Òjúọlápé jókòó sí. Òun nìkan ni ẹ̀rọ tó wà lórí àpáta lónìí. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo ará ìlú, wọ́n gba aago, wọ́n gba òṣùwọ̀n, wọ́n tún yọ ẹ̀rọ tí Baálẹ̀ Oyèwùsì fi ń gbọ́rọ̀ kúrò létí rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn, ojú ènìyàn àti etí ènìyàn nìkan ni òfin fàyè gbà nídìí ohun tí ìlú bá fẹ́ fi gba ọ̀run rẹ̀.

Ohun náà dùbúlẹ̀ lórí àga onígi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gùn ju ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Páálí ni wọ́n fi àtè wé mọ́ igi roboto títí ó fi le bí egungun, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kùn ún kí ojú lè tètè rí i níbi tó bá balẹ̀ sí. Ìyẹ́ mẹ́rin ló wà nídìí rẹ̀, pákó afàrá ni wọ́n fi gé wọn. Láàárín àwọn ìyẹ́ náà ni ihò márùn-ún wà, ọ̀kan ní gbùngbùn, mẹ́rin yí i ká. Ẹ́ńjìnnì márùn-ún ló ń wọ inú wọn, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ gbiná pa pọ̀, bí àwọn tó ń gbé òpó ilé. Bí ọ̀kan bá fà sẹ́yìn, òpó á wọ́ lu èèyàn.

"Màámi," ó ní, "ẹ bá mi gbọ́ èyí."

Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́tù ni gbogbo Òkè-Arère ń pè é, nítorí òun ló ń po ẹ̀tù inú ẹ́ńjìnnì láti ìgbà tí òfin ti dé. Ó gba ẹ́ńjìnnì náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní láti fi tòsì di ọrùn ọwọ́ náà mú kó tó lè gbá a. Ó gbọ́ ọ pẹ́.

"Ó ti là nínú," ló wí. Kò gbé ohùn sókè.

"Bóyá ọyẹ́ ló là á."

"Kì í ṣe ọyẹ́. Nígbà tí mo ń dà á ni. Ọwọ́ mi gbọ̀n, mi ò tẹ ẹ̀tù náà dénú. Mo rò pé ó ti dì." Ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀, ó fi oríkì pè é. "Àyìnkẹ́, o mọ ohun tí ẹ̀tù tó bá là máa ń ṣe."

Òjúọlápé mọ̀ ọ́n. Iná á wọ ibi tó là lọ, ẹ̀tù tó yẹ kó máa jó díẹ̀díẹ̀ á jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, agolo tó gbé e ró kò sì ní lè gbà á mọ́. Nígbà mìíràn á bú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan, á jó tán bí èyí tí ara rẹ̀ yá. Kò sí ẹni tó lè mọ èyí tí yóò ṣe títí yóò fi ṣe é. Kò sì sí àfidípò. Márùn-ún péré ni Olùwọ̀n fi èdìdì lù lánàá, ohun tí kò bá ní èdìdì kò gbọdọ̀ gun àpáta.

Láti ibi tí ó jókòó sí, ó ń wo Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ lápá ìwọ̀-oòrùn. Kì í kúkú ṣe ìlú náà ló ń rí, ìbòrí rẹ̀ ni: aṣọ aláwọ̀ eérú tí Ilé-Iṣẹ́ Ìkórè Oòrùn ta bò ó láti etí oko dé etí oko, bí ọmọrí lórí ìkòkò. Wọ́n ti tan iná sílé lábẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti là kárí ibi yòókù. Wọ́n ní ewé iṣu wọn ti ń funfun. Lọ́dún tó kọjá, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ yà bó ṣe gbéra, ó sì wọ àárín èrò lọ. Kí wọ́n tó sin òkú wọn tán ni ìbòrí ti dé. Òfin kò bínú sí wọn. Ìlú tí kò bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé ọ̀run, kí ló fẹ́ fi ọ̀run ṣe?

Baálẹ̀ Oyèwùsì ti rí i pé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbá ní àgbátúngbá. Ó fi ọ̀pá ti ara dé ibi ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí ló dé?" Ó ń kígbe, bí àwọn tí etí wọn kì í gbọ́ dáadáa ti máa ń ṣe.

Òjúọlápé kò lè dá a lóhùn sókè. Ohùn tó bá ròkè tó fún etí Baálẹ̀ lónìí, Olùwọ̀n á gbọ́ ọ, ohun tí Olùwọ̀n bá sì ti gbọ́ ti di ẹ̀rí. Ó mú ọwọ́ bàbá náà, ó fi ìka fa ìlà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wá nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì kẹrin. Baálẹ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ìlà náà ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yé e. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bó o bá yọ ọ́ ńkọ́?"

Ó gbé ẹnu lé e létí. "Bí mo bá yọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ yọ èyí tó kọjú sí i náà, kó má baà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹ́ta ló kù."

"Ibo ni mẹ́ta máa gbé e dé?"

"Á kọjá àmì kìíní. Kò ní dé ìkejì."

Kò sí ọmọdé tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn ní Òkè-Arère. Ìlú tí rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá dé àmì kejì lókè ló ni odidi ọjọ́. Èyí tó bá dé àmì kìíní, àárọ̀ nìkan ló ni, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí yóò fi kan àtàrí. Ìyókù, ti Ilé-Iṣẹ́ Ìkórè Oòrùn ni.

"Ẹ̀gẹ́ tí a bá sá láàárọ̀ nìkan, ṣe ni yóò bu," ni Baálẹ̀ wí. "Èlùbọ́ náà á bu. Ìyá rẹ ti ń po ẹ̀tù láti ìgbà tí eyín ṣì pé lẹ́nu mi, kò sí ọ̀kan tó bú rí."

"Kò sí ọ̀kan tó dún báyìí rí."

"Ó lè máà bú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Ó lè máà bú."

Wọ́n jọ wo ìsàlẹ̀ àpáta. Ìlú ti péjọ sórí koríko lẹ́yìn okùn, àwọn àgbà lórí ẹní, àwọn ọmọdé lórí èjìká. Òfin ló ní kí wọ́n wà níbẹ̀, nítòsí ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti lè kàn wọ́n. Ẹni tí kò bá lè dúró lábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, òfin gbà pé kò fọkàn tán an.

"Níbo lẹ máa dúró sí, bí mo bá tan márààrún?" Òjúọlápé béèrè, ẹnu rẹ̀ ṣì wà létí Baálẹ̀.

"Níbi tí mo máa ń dúró sí. Iwájú. Èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ-ọmọ mi." Baálẹ̀ di ọ̀pá rẹ̀ mú. "Mo ti dàgbà, Ọlápé. Bó bá já lù mí, ó já lù mí. Àmọ́ mi ò fẹ́ kú sínú òkùnkùn ọ̀sán."

Kò parọ́. Ìbá rọrùn fún Òjúọlápé bó bá jẹ́ pé ọkùnrin náà ń parọ́, tàbí pé ó fẹ́ lọ fara pamọ́ síbì kan. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n, á dúró síwájú lóòótọ́, á sì kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kò ní bi wọ́n léèrè bóyá àwọn náà fẹ́ dúró.

Olùwọ̀n rọra sọ̀kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ìyálé ilé tó gbẹ̀kọ́.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Òkè-Arère. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ta ni yóò dáhùn fún ìlú?"

"Èmi, Òjúọlápé ọmọ Ẹlẹ́tù."

"Ẹ ṣeun, mà. Ṣé ohun tí ẹ kàn pé, ṣé ó sì yá láti fò?"

Ìbéèrè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ̀tù náà sì jó dáadáa, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé pé ohun kan là. Ìyá rẹ̀ á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀sán á wà. Ó wo ìsàlẹ̀. Obìnrin kan níwájú okùn ń tú ọmọ tó pọ̀n, ó gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì gba ọmọ rẹ̀ padà. Kò wòkè rárá.

"Kò pé," ni Òjúọlápé wí. "Mẹ́ta ni a ó fi fò."

Ìkùn kan gba àárín èrò kọjá. Baálẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ó sọ, ojú àwọn ènìyàn ni ó ti kà á.

"Òfin gbà á," ni Olùwọ̀n wí. "Kí nìdí tí ẹ fi yọ méjì?"

"Ọ̀kan là nínú. Èkejì ló kọjú sí i."

"Ta ni ó po ẹ̀tù èyí tó là?"

Òjúọlápé ti mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ó fẹ́ sọ pé òun ni. Ọwọ́ ẹni tó bá ba ẹ̀tù jẹ́ ni òfin máa ń fi èdìdì dì: wọ́n á di ti òun, ọwọ́ ìyá òun á sì bọ́. Kò tíì ro ẹni tí yóò kan ti ọdún tó ń bọ̀. Kó tó ya ẹnu, àpótí ti dún lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́tù ti dìde.

"Èmi ni," ni obìnrin arúgbó náà wí. "Ọmọ mi kò fọwọ́ kan ẹ̀tù rí. Igi àti páálí ni iṣẹ́ tirẹ̀."

"Ẹ ṣeun, mà." Ohùn Olùwọ̀n kò yí padà. "A ó rí ara wa lẹ́yìn ìfò."

Ó tún gòkè lọ.

Òjúọlápé kò wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ó gbẹ́ igi rírọ̀ méjì, ó fi dí ihò méjì tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ́ńjìnnì àárín. Orí ẹ́ńjìnnì yẹn ni òwú ìdádúró wà, ẹ̀tù díẹ̀ tó máa ń jó wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́yìn tí iná ńlá bá ti kú, kó tó ti agbòòrùn aṣọ jáde láti gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì márùn-ún ni wọ́n wọn òwú náà fún. Pẹ̀lú mẹ́ta, á ti dé òpin agbára rẹ̀, á ti dorí kodò, á ti máa já bọ̀ pẹ̀lú eré kí aṣọ tó jáde, aṣọ á sì fà ya. Ó ní láti gé òwú kúrú. Kò ní ohun tí yóò fi ṣírò ju orí rẹ̀ lọ. Ó fi ọ̀bẹ fá a díẹ̀, ó wò ó, ó tún fá a díẹ̀.

"Ó tó," ni ìyá rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo fẹ́ tún fá a sí i."

"Bó o bá tún fá a, aṣọ á jáde nígbà tó ṣì ń gòkè. Ó tó."

Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà dúró mọ́ òpó irin tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ó ki wáyà ìṣáná mẹ́ta bọ ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, ó fa okùn wáyà náà dé ibi kòtò yanrìn tí bátìrì wà létí rẹ̀, ó sì jókòó. Baálẹ̀ ti wà níwájú okùn, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́tù lọ dúró tì wọ́n.

Òjúọlápé fi wáyà kan wáyà.

Iná yọ nídìí rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín bo àpáta. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò ta kúrò nílẹ̀ bíi tiwọn ti ọdún tó lọ. Ó lọ́ra, bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àga, ó gun òpó, ó fi òpó sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ tẹ̀ sí apá ibi tí èrò wà. Òjúọlápé rí orí pupa náà tó ń tẹ̀. Nígbà náà ni ìyẹ́ rẹ̀ mú afẹ́fẹ́, ó tọ́, ó sì gba òkè lọ tààrà pẹ̀lú ariwo tó mi eyín ènìyàn lẹ́nu.

Iná kú. Ó ń lọ síbẹ̀, láìdún mọ́, títí ó fi rí tíńtín, títí ó fi dà bí ẹni pé ó dúró. Aṣọ agbòòrùn ṣí níbi tó dúró sí náà.

Ó balẹ̀ sí etí oko ẹ̀gẹ́ kan, ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé lára rẹ̀.

"Ó kọjá àmì kìíní," ni Olùwọ̀n wí. "Kò dé àmì kejì. Ó padà láìfọ́. Òkè-Arère ló ni àárọ̀ títí di ìfò ọdún tó ń bọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó sọ̀kalẹ̀ síwájú Ìyá Ẹlẹ́tù, apá tín-ín-rín méjì sì yọ lára rẹ̀. Òrùka funfun kan yí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà ká, òmíràn yí tòsì. Bó bá fọwọ́ kan ẹ̀tù láti òní lọ, wọ́n á ké, ohunkóhun tó bá sì po kò ní rí èdìdì gbà. Ìyá Ẹlẹ́tù yí ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Wọ́n fúyẹ́," ló wí. "Ó dà bí ẹ̀gbà ọmọ ìkókó."

Òfin tún ní kí wọ́n jó ẹ̀tù tó bá ṣẹ́kù kí oòrùn tó kan àtàrí. Wọ́n ti dá ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ padà fún Baálẹ̀, ó sì sọ pé ojú gbogbo ìlú ni wọ́n á ti jó èyí tó là. Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Òjúọlápé ri ẹ́ńjìnnì kẹrin mọ́ yanrìn inú kòtò, ó kọ ẹnu rẹ̀ sókè, ó sì ní kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn. Ó fi wáyà kan wáyà.

Ó jó. Ọwọ́ iná kan gbọọrọ, tó mọ́, tó dúró ṣánṣán, kò mì, kò sì bú. Ó jó títí ẹ̀tù inú rẹ̀ fi tán, ó wá kú.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ṣókí láàárín èrò.

"Ó mà jó dáadáa," ni Baálẹ̀ wí.

"Ó jó dáadáa, Baba."

"Nígbà náà, ọ̀sán wa ì bá ṣì wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ì bá wà." Òjúọlápé ń ká wáyà rẹ̀. "Bí ẹ bá gbé òmíràn tó dún bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́la, màá tún yọ ọ́."

Baálẹ̀ mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kí ìyá àti ọmọ bí wọ́n ti ń kọjá, kì í ṣe pé wọ́n bínú tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò mọ irú ẹ kú tí wọn ì bá kí wọn.

Ìbòrí dé bí oòrùn ti kan àtàrí. Láti ìwọ̀-oòrùn ni etí rẹ̀ ti ń bọ̀, ó ń rìn lórí òrùlé bí omi ti í rìn nínú aṣọ. Àwọn adìẹ wọlé sùn. Obìnrin kan wà ní Òkè-Arère tó ń jẹ́ Mojírọ́lá, opó ni, Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ ló ti wá bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ gbé. Òun ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe máa wòkè, pé bí èèyàn bá ń wò ó ni orí fi ń fọ́ni. Nígbà tó dé ilé Ìyá Ẹlẹ́tù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ní èyí tó là jó láìbú," ló wí fún Òjúọlápé.

"Òótọ́ ni."

"Tiwa náà dún bọ̀. Ọkọ mi ló kàn án. Ó sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni." Mojírọ́lá gbé àtùpà kan kalẹ̀. "Iwájú lòun náà dúró sí."

Ó lọ sí ojúlé tó kàn.

Òjúọlápé jókòó ti àtùpà náà láìtàn án. Ìyá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ jẹun, ó ní rárá. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìyá rẹ̀ tún béèrè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ tán, gbogbo ìlú ti wà lórí àpáta. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Àpáta dúdú náà máa ń tètè gbóná, ó sì máa ń pa ooru mọ́ pẹ́, oúnjẹ á gbẹ lórí rẹ̀ ju inú ọgbà lọ. Wọ́n kó ẹ̀gẹ́ dé, wọ́n kó èlùbọ́ dé, wọ́n kó ata, wọ́n ń sá wọn lórí ibi tí èéfín rọ́kẹ́ẹ̀tì ti sọ dúdú sí i. Òjúọlápé àti ìyá rẹ̀ pẹ́ dé, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wọn lórí, kò sì sí àyè mọ́. Wọ́n dúró.

Baálẹ̀ Oyèwùsì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó ń sá tirẹ̀ sí. Ó rí wọn. Ó fi ọ̀pá sún ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún sún un díẹ̀ sí i, títí àyè tó tó ẹní kan fi ṣí sílẹ̀ lójú oòrùn.